Bọ́ǹsì Chelsea: bí a ṣe ń ṣe é kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè rọ̀ bí òwú

Ìyá àgbà kan ló fi bọ́ǹsì Chelsea mọ̀ mí. Ògiri kan náà ló pààlà ilé wa ní Woolwich, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí àṣà wọn ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. "Mọ́mì" ni mo ń pè é, ó sì ń dá mi lóhùn. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó ní kí n wá bá òun mu tíì. Ó gbé àwo kan kalẹ̀ tí bọ́ǹsì mẹ́rin wà lórí rẹ̀, wọ́n ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n fún mọ́ ara wọn bí ilé Ìsàlẹ̀ Èkó. Kò fi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Ọwọ́ ló fi já ọ̀kan kúrò lára ìkejì, ibi tí ó ti já sì funfun, ó ń yọ òwú tín-ín-tín. Ó wá ń tú u láti ìta wọ inú bí ẹni ń tú ẹní tí a ká, ó ń já a sẹ́nu díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku kókó àárín nìkan. Kókó yẹn ló fi pamọ́ de ìdí ife tíì rẹ̀, nítorí ibẹ̀, ó ní, ni bọ́tà àti ṣúgà máa ń sá lọ.

Ẹ̀gbẹ́ funfun tó rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ rí nínú ilé yín. Mo ti ra bọ́ǹsì Chelsea tó jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n yan ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ara rẹ̀ yí ká ti gbẹ, bí ẹ bá sì ní kí ẹ tú u, ṣe ló ń ṣẹ́. Ṣúgà wà nínú rẹ̀, èso wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe òun. Bọ́ǹsì Chelsea gbọ́dọ̀ jọ wú, kó jọ jinná nínú páànù kan náà, kí èyí fara ti èyí. Bí ẹ bá gba ìyẹn gbọ́, ohun tó kù kò le.

Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún àwọn tó wà nílé pé èyí kì í ṣe bọ́ǹsì tí a ń dín nínú òróró, tó rí roboto, tí wọ́n ń tà nínú gíláàsì lẹ́bàá ọ̀nà. Yíyan ni a ń yan èyí, ìwúkàrà ló sì ń wú u, àbúrò búrẹ́dì ni. A ó tẹ́ ìyẹ̀fun pípò rẹ̀ pẹrẹsẹ, a ó fi bọ́tà, ṣúgà pupa, sínámọ́ọ̀nù àti èso àjàrà gbígbẹ sí i lójú, a ó ká a bí ẹní, a ó sì gé e. Ojú ibi tí a gé ló ń kọ sókè nínú páànù, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rí bí ìgbín tó ká sínú ìkarawun rẹ̀.

Chelsea, ní apá ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù létí odò Thames, ló ti gba orúkọ. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ilé ìtajà kan wà ní ààlà Chelsea àti Pimlico tí wọ́n ń pè ní Bun House, ìdílé Hand ló ni ín. Ọba George Kejì ń ya ibẹ̀, George Kẹta náà ń ya ibẹ̀, àti àwọn ayaba wọn. Ọgbà ìgbafẹ́ Ranelagh, tó ṣí ní 1742, kò jìnnà síbẹ̀, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ lọ gbafẹ́ sì ni oníbàárà wọn. Tó bá di Ọjọ́ Ẹtì Rere, èrò á ya bo ibẹ̀ láti ìdájí nítorí bọ́ǹsì alágbèélébùú, èyí tí àmì àgbélébùú wà lórí rẹ̀. Èrò náà pọ̀ débi pé ní 1793, Ìyáàfin Hand kéde pé òun kò ní ta bọ́ǹsì alágbèélébùú lọ́jọ́ náà fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìdààmú tó ń bá àwọn aládùúgbò òun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bọ́ǹsì Chelsea á rí i rà bí ó ti yẹ. Wọ́n ti Ranelagh pa ní 1803, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, wọ́n sì wó Bun House ní 1839. Bí ẹ bá dé Pimlico Road lónìí, òpópónà kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń jẹ́ Bunhouse Place. Mo mọ̀ọ́mọ̀ wọ ọkọ̀ lọ wò ó lọ́jọ́ kan, nítorí bọ́ǹsì yìí ni.

Àwọn kan gbà pé omi ṣúgà nìkan ló yẹ kó wà lórí rẹ̀. Irú èyí ni ti Fitzbillies, ilé ìtajà bọ́ǹsì kan ní ìlú Cambridge, tó gbajúmọ̀ gan-an. Omi ṣúgà ibẹ̀ ki débi pé yóò lẹ̀ mọ́ gbogbo ìka yín. Àwọn mìíràn ń da áísìn funfun lé e. Méjèèjì ni Mọ́mì ń lò, méjèèjì náà ni màá fi hàn yín. Omi ṣúgà ń jẹ́ kí ó rọ̀, áísìn tí a fi omi lẹ́mọ́ọ̀nù pò sì ń gé adùn rẹ̀ kó má bàa su ni.

Èlò fún bọ́ǹsì méjìlá

Fún ìyẹ̀fun pípò:

- fúláwà búrẹ́dì, 500 gíráàmù
- ìwúkàrà gbígbẹ, 7 gíráàmù (àpò kékeré kan)
- ṣúgà funfun, 50 gíráàmù
- iyọ̀, ṣíbí tíì kan
- mílíìkì olómi, 270 mílílítà
- bọ́tà, 60 gíráàmù
- ẹyin kan
- èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù kan tí a rin

Fún inú rẹ̀:

- bọ́tà tó ti rọ̀, 50 gíráàmù
- ṣúgà pupa, 100 gíráàmù
- sínámọ́ọ̀nù lílọ̀, ṣíbí tíì méjì
- mixed spice, ìdajì ṣíbí tíì
- èso àjàrà gbígbẹ, 150 gíráàmù

Fún orí rẹ̀: ṣúgà 50 gíráàmù àti omi 50 mílílítà tí a ó sè pọ̀, lẹ́yìn náà, ṣúgà lẹ́búlẹ́bú 150 gíráàmù àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù bíi ṣíbí ìjẹun kan àtààbọ̀.

Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Mo mọ̀ pé ife dérícà àti ojú ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, èmi náà fi ojú se ọbẹ̀ dàgbà ni, àmọ́ fúláwà tó fi ẹ̀kúnwọ́ méjì lé yóò sọ bọ́ǹsì yìí di gbígbẹ kí ẹ tó gbé e kaná rárá.

Fúláwà búrẹ́dì ni kí ó jẹ́, kì í ṣe ti kéèkì. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ní Nàìjíríà lágbára tó. Èso àjàrà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò ni currant, ó kéré, ó dúdú. Orúkọ ìlú Kọ́ríńtì ní ilẹ̀ Gíríìkì ló ti yọ orúkọ rẹ̀ jáde, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o wá láyé àtijọ́. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lo àjàrà gbígbẹ tó tóbi, ẹ gé e sí méjì-méjì. Ọsàn wẹ́wẹ́ lè dípò lẹ́mọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n awọ òde rẹ̀ nìkan ni kí ẹ rin, kí ẹ má dé ibi funfun abẹ́ rẹ̀, kíkorò ni.

Sínámọ́ọ̀nù ni olórí òórùn dídùn nínú rẹ̀. Òun ni Bíbélì Yorùbá ń pè ní kínámónì. Mixed spice jẹ́ àpòpọ̀ tí wọ́n ti lọ̀ tán tí wọ́n ń tà ní gbogbo ilé ìtajà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò bá rí i lè po atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ pọ̀ mọ́ àríwó díẹ̀ àti kànáfùrù bín-ín-tín. Mo tún un sọ: kànáfùrù bín-ín-tín. Bí ó bá fi díẹ̀ lé, gbogbo bọ́ǹsì á máa rùn bí oògùn eyín. Bí ẹ kò bá sì rí ṣúgà lẹ́búlẹ́bú rà, ẹ da ṣúgà funfun sínú bílẹ́ńdà tó gbẹ fúrúfúrú, ẹ lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná bí àtíkè, kí ẹ sì jọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fúláwà

Ẹ fi tíì gbígbóná tí kò ní mílíìkì rẹ èso àjàrà náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi aṣọ nù ún gbẹ. Èso gbígbẹ tí a kò rẹ máa ń fa omi inú ìyẹ̀fun mu, gbogbo àyíká rẹ̀ á sì le. Èyí tí a rẹ á wú, á sì rọ̀ lẹ́nu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé mílíìkì àti bọ́tà 60 gíráàmù kaná papọ̀. Kì í ṣe pé kí ó hó o, kí bọ́tà ṣáà ti yọ́ ni. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ dúró kí ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ kán an sí ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ yín, bí ẹ ṣe ń dán omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun wò. Bí ara yín bá gbà á láìta kìjí, ìwúkàrà náà á gbà á. Ohun ẹlẹ́mìí ni ìwúkàrà. Bí mílíìkì náà bá gbóná jù, ó ti kú nìyẹn, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i mọ́ ju kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ lọ.

Pípò

Ẹ da fúláwà sínú abọ́ ńlá. Ẹ da ìwúkàrà sí apá kan, iyọ̀ àti ṣúgà sí apá kejì, kí iyọ̀ má bàa bo ìwúkàrà mọ́lẹ̀. Ẹ fi èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù sí i. Ẹ kò ní fi sínámọ́ọ̀nù sí i níbí o. Sínámọ́ọ̀nù máa ń dí ìwúkàrà lọ́wọ́. Bí ẹ bá pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, á pẹ́ kí ó tó wú. Inú ni tirẹ̀ wà.

Ẹ fọ́ ẹyin sínú mílíìkì lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà, ẹ pò ó, ẹ dà á sí àárín fúláwà, kí ẹ sì fi ọwọ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ. Á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba bọ́ǹsì wọn jẹ́, nítorí wọ́n á sáré bu fúláwà kún un. Ẹ má bu nǹkan kan kún un. Ẹ bo abọ́ náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí fúláwà ráyè mu omi rẹ̀. Bí ẹ bá padà dé, lílẹ̀ náà á ti dín kù.

Ẹ wá dà á sórí tábìlì, kí ẹ máa pò ó. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ẹ ṣẹ́ ẹ padà sọ́dọ̀ yín, ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún tì í. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá ni. Ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ ń kúrò ní wúruwùru, tó ń dán, tó ń jọ̀lọ̀. Láti mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ já díẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi ìka méjèèjì fà á fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú fèrèsé. Bí ó bá lè fẹ́lẹ́ débi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá kó tó ya, ó ti tó. Bí ó bá ya kíá, ẹ tún pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òwú tín-ín-tín tí mo rí lára bọ́ǹsì Mọ́mì, ibí yìí ni a ti ń ṣe é.

Ẹ má wo aago, abọ́ ni kí ẹ wò

Ẹ fi òróró ra inú abọ́ mímọ́ kan, ẹ gbé ìyẹ̀fun náà sí i, ẹ fi aṣọ tútù tí a ti fún dáadáa bò ó, kí ó dúró títí yóò fi di ìlọ́po méjì.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá a ṣe, oṣù kìíní ọdún ni, yìnyín wà lójú fèrèsé. Ohun tí mo kà ní wákàtí kan. Mo ka wákàtí kan pé pérépéré, mo gbé e, mo ká a, mo gé e, mo yan án. Ohun tó jáde nínú ààrò kò ṣe é jẹ. Ó wúwo, ó le, ìyẹ̀fun àárín rẹ̀ funfun kiji bí èyí tí iná kò rí. Ó dùn mí gidigidi, nítorí bọ́tà gidi ni mo fi ṣe é, owó ọ̀sẹ̀ náà kò sì tó nǹkan. Mo mú ọ̀kan lọ bá Mọ́mì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó bi mí léèrè pé níbo ni mo gbé ìyẹ̀fun náà sí. Mo ní orí tábìlì ìdáná ni. Ó ní, "Nínú òtútù yẹn?" Ó wá fi hàn mí bí òun ṣe ń lẹ bébà pélébé kan mọ́ ara abọ́ gíláàsì, ní ibi tí ìyẹ̀fun dé nígbà tí òun gbé e síbẹ̀, kí òun lè máa fi ojú rí bí ó ti ń gòkè. Láti ọjọ́ náà, n kò tún fi aago wú ìyẹ̀fun mọ́.

Ní ìgbà òtútù ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lè gbà tó wákàtí méjì. Ẹ lè gbé abọ́ náà sínú ààrò tí ẹ kò tàn, kí ẹ gbé àwo omi gbígbóná tì í nísàlẹ̀, kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Á yá díẹ̀. Ní ilé ìyá mi ní Ìbàdàn, nínú ooru oṣù kẹta, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ló gbà á. Èyí tó wú jù náà kò dára: á máa rùn bí ọtí, á sì rọ̀ wálẹ̀ nínú ààrò. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni, ẹ máa tún aṣọ orí rẹ̀ rẹ, kí ojú rẹ̀ má bàa sé.

Títẹ́, kíká, gígé

Ẹ po bọ́tà rírọ̀ 50 gíráàmù pọ̀ mọ́ ṣúgà pupa, sínámọ́ọ̀nù àti mixed spice, kó di ìpara kan. Àwọn kan máa ń yọ́ bọ́tà, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, wọ́n á wá wọ́n ṣúgà lé e. N kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí bí ẹ bá ti ń gé e ni yóò máa ṣàn jáde.

Ẹ da ìyẹ̀fun tó ti wú sórí tábìlì tí ẹ wọ́n fúláwà fẹ́ẹ́rẹ́ sí. Ẹ fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ fi igi, tàbí ìgò tó mọ́, yí i títí yóò fi gùn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, kó sì fẹ̀ tó 30. Bí ó bá ń súnkì padà, kò fẹ́ ìjà ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á gbà.

Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ìpara bọ́tà náà káàkiri, ẹ fi ìwọ̀n ìka méjì sílẹ̀ ní etí gígùn tó jìnnà sí yín. Ẹ fọ́n èso àjàrà ká. Ẹ mú etí gígùn tó wà lọ́dọ̀ yín, kí ẹ máa ká a lọ bí ẹní. Kíká náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ẹ bá ká a dẹ̀, á tú nínú páànù. Bí ẹ bá ká a fún pinpin, àárín rẹ̀ á ru sókè nínú ààrò bí ìdodo ọmọ. Bí ẹni ń ká ẹní ìgbàlejò ni: kó wé mọ́ra, kó má ṣẹ́. Ẹ fi omi díẹ̀ ra etí tí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì fi pa á dé.

Kì í ṣe ọ̀bẹ ni ẹ ó fi gé e. Ọ̀bẹ máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, roboto rẹ̀ á di pẹlẹbẹ. Ẹ wá òwú ìránṣọ tó gùn tó apá kan, tó mọ́, tí kò ní ọ̀dà. Ẹ gba abẹ́ ìyẹ̀fun kíká náà fà á kọjá, ẹ mú orí òwú méjèèjì wá sókè, ẹ gbé wọn kọjá lára wọn bí ẹni fẹ́ ta kókó, kí ẹ fà á. Yóò já fẹ́rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pín in sí méjì, ẹ pín ìdajì kọ̀ọ̀kan sí méjì, ẹ sì pín ìdá kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta. Méjìlá pé nìyẹn, ọ̀kan kò sì ní tóbi ju ìkejì lọ.

Inú páànù

Ẹ fi bọ́tà ra páànù tó fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, tó sì gùn tó 30. Ẹ tò wọ́n ní ìlà mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin, kí ojú ibi tí ẹ gé kọ sókè. Kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn, kí díẹ̀ sì wà láàárín wọn àti ògiri páànù. Ẹ jẹ́ kí ìrù ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí àárín páànù, kì í ṣe sí ìta, kí aládùúgbò rẹ̀ lè bá yín dì í mú.

Bí páànù bá fẹ̀ jù, wọn kò ní dé ọ̀dọ̀ ara wọn, roboto ni wọ́n á jáde, pẹ̀lú awọ líle yí ká. Bí páànù yín bá tóbi, ẹ ṣẹ́ bébà tí a fi ń yan nǹkan bí ògiri sí apá kan, kí ẹ sì gbé nǹkan tí iná kò lè jó tì í. Bí ó bá kéré jù, ẹ mú méjì kúrò, kí ẹ yan án sínú abọ́ mìíràn. Wíwú tí wọ́n ń wú lọ bá ara wọn yìí náà ló ń sọ roboto di onígun mẹ́rin.

Ẹ bò wọ́n, kí wọ́n tún wú. Nígbà tí èjìká wọn bá fara kan ara wọn, ẹ fi ìka tẹ ọ̀kan. Bí ojú ìka náà bá padà kíá, kò tíì yá. Bí ó bá ń padà díẹ̀díẹ̀, tó ku àpá díẹ̀, ó ti yá.

Yíyan

Ẹ ti tan ààrò sílẹ̀ sí 190 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ààrò yín bá ní fáànù nínú, 170 tó. Ẹ gbé páànù sí àárín rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìlélógún sí márùndínlọ́gbọ̀n ni. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ yọjú wò ó. Bí orí rẹ̀ bá ti ń pọ́n jù, ẹ fi bébà fọ́ìlì bò ó. Àwọ̀ tí a ń wá ni ti dòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kó kúrò lórí iná.

Ẹ má fi ti àwọn tó wà létí páànù dánwò, àwọn ló ń kọ́kọ́ jinná. Ẹ fi fọ́ọ̀kì ya méjì àárín sọ́tọ̀ díẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Bí ó bá ṣì ń dán bí ohun tútù, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i. Bí ó bá gbẹ, tó sì ń já bí búrẹ́dì, ó ti jinná.

Ẹni tí kò ní ààrò lè lo ìkòkò ńlá tó nípọn. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ tó mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé ohun kékeré kan lé e kí páànù má bàa kan iyanrìn, ẹ dé e, kí ẹ sì mú un gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó gbé bọ́ǹsì wọlé. Iná kékeré ni. Á pẹ́ ju ti ààrò lọ, orí rẹ̀ kò sì ní pọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á rọ̀ dáadáa.

Omi ṣúgà, lẹ́yìn náà áísìn

Bí ó bá ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ se ṣúgà àti omi kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí páànù bá ti jáde báyìí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sórí gbogbo wọn. Ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún ṣììì. Gbígbóná tí bọ́ǹsì gbóná ló ń jẹ́ kí ó fa á mu, kí ojú rẹ̀ sì dán. Bí ẹ bá dúró kó tutù, á kàn lẹ̀ sórí rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ṣì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ má pín wọn níyà. Ọ̀kan tí ẹ bá yà báyìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti gbẹ kí àlejò tó dé.

Áísìn kò fẹ́ ooru. Mo ti dà á lé bọ́ǹsì gbígbóná rí nítorí pé àlejò ti wà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ yọ́, ó ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ àwo. Ẹ dúró tó wákàtí kan. Ẹ kán omi lẹ́mọ́ọ̀nù sínú ṣúgà lẹ́búlẹ́bú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó, títí yóò fi ki ju ẹ̀kọ mímu lọ: bí ẹ bá gbé ṣíbí sókè, kó máa fà sílẹ̀ bí okùn, kí okùn náà sì hàn lójú abọ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó rì. Ẹ fi ṣíbí ta á lé wọn lórí ní ìlà-ìlà, kí ojú ìgbín náà má bàa bò mọ́lẹ̀.

Tíì

Lọ́dọ̀ tiwa, Milo náà tíì ni, Bournvita náà tíì ni. Fún bọ́ǹsì yìí, ewé tíì gan-an ni kí ẹ lò, nítorí tíì dúdú ní kíkorò díẹ̀ tó ń fọ adùn ṣúgà kúrò lẹ́nu, ẹ ó sì lè padà sídìí bọ́ǹsì. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan inú ìkòkò tíì, ẹ dà á nù. Ẹ fi ewé tíì ṣíbí tíì kan sí i fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ da omi tó ń hó lọ́wọ́ lé e, kì í ṣe èyí tó ti hó tipẹ́, kí ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mílíìkì tútù díẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ṣúgà sí i; ṣúgà ti wà lórí àwo.

Ọjọ́ tí ẹ bá yan án ló dùn jù. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ní lílẹ̀ mọ́ ara wọn, ẹ wé e, ẹ má gbé e sínú fìríìjì, nítorí ibẹ̀ ló ti ń yára le. Ní ọjọ́ kejì, ẹ já ọ̀kan, ẹ fi máíkírówéfù mú un gbóná fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tún rọ̀. Èyí tí ẹ bá fẹ́ fi sínú fírísà, ẹ má tíì da áísìn lé e. Ẹ wé e ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ó lè lo oṣù kan níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ó yọ́ fúnra rẹ̀, ẹ gbé e sínú ààrò lórí 150 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá po áísìn tuntun.